Iná fọ́ọ̀-wíìlì ń ṣẹ́jú, kò wọlé: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó ra actuator?

Àgbẹ̀_Ọ̀tàẸfun

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Jíìpù tókúnbọ̀ ni mo ń wà, ọmọ ọdún 2004, ẹ́ńjìnnì V6, gíà ọ́tò, èyí tó ní bọ́tìnnì róbótó tí a ń yí sí 2H (táyà ẹ̀yìn méjì nìkan), 4H (táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn fọ́ọ̀-wíìlì) àti 4L (mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú gíà kékeré). Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí mo mọ̀ yín, ẹ máa pa ìbéèrè mi tì, ẹ máa jà lórí mọ́tò tó dára jù.

Ojú ọ̀nà Ìlobù ni oko mi wà. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ bí amọ̀ rẹ̀ ṣe ń rí lásìkò òjò. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni mi ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn. Òjò wá dé, mo yí i sí 4H, iná rẹ̀ ní dáṣíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú ṣáá, kò dúró. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń yí, ó ń ta ẹrẹ̀ sí wa lára. Mo dá a padà sí 2H, síbẹ̀ kò yé ṣẹ́jú. Iná VSC, ti ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí mọ́tò yọ̀, náà tún bá a tàn.

Mẹkáníìkì kan bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wò ó láti ìta, ó ní actuator (ẹ̀rọ iná kékeré tó ń ti fọ́ọ̀-wíìlì wọlé) ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Nígbà tó pe iye rẹ̀, ẹnu mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ní sípánà nílé, mo ní mítà, mo sì lè sùn sábẹ́ mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ọmọ_Alẹ́kùwódò

Ẹ̀gbọ́n, òòlù! Kí ẹnì kan máa yí bọ́tìnnì, kí ẹ̀yin máa gbá actuator yẹn lábẹ́. Tèmi jí lójú ẹsẹ̀.

Rẹwáyà_ÒkèFìà

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ Alẹ́kùwódò, gbé òòlù yẹn sílẹ̀ ná. Mi ò sọ pé irọ́ lo pa o. Bí kábọ́nù inú rẹ̀ (ègé dúdú tó ń gbé iná fún ibi tó ń yí) bá há, tí o fi igi òòlù kàn án lára díẹ̀, ó lè jí. Ṣùgbọ́n alumíníọ́ọ̀mù ni ara rẹ̀, ó máa ń sán. Èyí tó bá sì jí lọ́nà bẹ́ẹ̀ á tún padà sùn, inú ẹrẹ̀ gan-an ló sì máa sùn sí.

Oníbèéèrè, ẹ gbọ́. Ibi mẹ́ta ni wàhálà yìí ti lè wá. Iná lè má dé ọ̀dọ̀ actuator. Iná lè dé ibẹ̀, kó má lè yí. Ó sì lè yí dáadáa, kí irin tó yẹ kó tì nínú tíráńsífà (àpótí gíà ẹ̀yìn gíàbọ́ọ̀sì, tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn) má kúrò lójú kan. Actuator tuntun, ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń wò sàn. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ lọ rà á láì tíì wọ abẹ́ mọ́tò, àfọ̀ṣẹ ló ń ṣe.

Etí lẹ máa kọ́kọ́ lò. Ẹ dúró dìgbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá dákẹ́. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa hándíbíréèkì, ẹ fi òkúta dí táyà níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì, ON nìkan ni kẹ́ ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí, gíà sí N, kí ẹni tó jókòó tẹ bíréèkì. Kó wá yí bọ́tìnnì láti 2H sí 4H, kí ẹ̀yin tẹ́tí sí abẹ́, ọ̀kánkán ìjókòó iwájú, lẹ́yìn gíàbọ́ọ̀sì. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ máa gbọ́ “jììììn”, á wá parí sí “kọ̀”. Tó bá jẹ́ “kọ̀” kékeré inú dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan lẹ gbọ́, rílè nìyẹn, kì í ṣe òun.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa rẹwáyà kì í rántí. Ọ̀pọ̀ jíìpù Toyota tó ń lo bọ́tìnnì ló ní actuator méjì: ọ̀kan lára tíráńsífà, ọ̀kan lára dífíréńṣíà iwájú (gíà tó ń pín agbára sí táyà iwájú méjèèjì). Ti tíráńsífà lè ti wọlé kí ti iwájú kọ̀, iná á ṣì máa ṣẹ́jú. Mo ti rí ẹni tó ra ti tíráńsífà, tó dè é, tó tún sanwó iṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ti iwájú ló bàjẹ́. Ẹ gbọ́ ìró ibi méjèèjì.

Bàbá_Lándì

Lándì Rófà mi àtijọ́, ọ̀pá méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ọ̀kan olórí pupa fún gíà kékeré, ọ̀kan olórí yẹ́lò fún fọ́ọ̀-wíìlì. Mo bá tì í, ọwọ́ mi á mọ̀ pé ó ti wọlé. Iná wo ló fẹ́ ṣẹ́jú fún mi? Ó dáa, ẹ máa bá ti yín lọ.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, táyà ńkọ́? Ṣé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba? Bí ẹ bá ní 265/70 níwájú, tí ẹ wá ra tókúnbọ̀ 245/70 sẹ́yìn torí pé owó ẹ̀ fúyẹ́, pùròpélà iwájú àti ti ẹ̀yìn ò ní máa yí ní iye kan náà. Gíà inú tíráńsífà á fún ara wọn mọ́ra. Tó bá fún báyìí, kì í fẹ́ wọlé, tó bá sì wọlé, kì í fẹ́ jáde. Actuator ò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀.

Àgbẹ̀_Ọ̀tàẸfun

Ẹ ṣeun, sà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, ìgbà kan náà ni mo rà wọ́n. Mo ti ṣe ti etí tí ọ̀gá rẹwáyà wí. “Kọ̀” inú dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan ni mo gbọ́. Àárín dákẹ́ lọ gbári, iwájú náà dákẹ́. Mo wo fíúsì, kò jó.

Ẹlẹ́rọ_ÒkèBàálẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ojú lẹ fi wo fíúsì àbí ẹ fi tẹ́sítà kàn án? Ojú máa ń tan èèyàn. Lórí fíúsì pẹlẹbẹ, ihò kékeré méjì wà lókè rẹ̀ tí irin ti yọ. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ kan tẹ́sítà mọ́ méjèèjì. Bí apá kan bá tàn tí èkejì ò tàn, ó ti já nínú. Bí méjèèjì ò bá tàn, iná ò dé ibẹ̀ rárá, ẹ wo ibi tí iná ti ń bọ̀. Ẹ ṣí ìdérí àpótí fíúsì tó wà níbi ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ tún wo ti inú mọ́tò, torí ibi méjì ni wọ́n sábà máa ń pín in sí. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ẹnì kan ti fi okùn wáyà rọ́pò fíúsì níbẹ̀ (tókúnbọ̀ ni, a ò mọ ọwọ́ tó ti kọjá), ẹ yọ ọ́ jù nù kíá. Tí actuator bá há, wáyà gbogbo ló máa jó dípò fíúsì.

Bátìrì náà ńkọ́? Èyí tó dára, tó ti sinmi, yẹ kó wà ní nǹkan bíi fólìtì 12.6. Tẹ́ ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì, kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bátìrì tó rẹ̀ lè tan ẹ́ńjìnnì kó má sì lágbára tó láti yí actuator dé ìdí. Kọ̀ǹpútà inú mọ́tò á kà á pé kò parí iṣẹ́, á wá máa ṣẹ́jú fún yín.

Ẹ má fowó ra ẹ̀rọ kékeré Bluetooth tí wọ́n ń tì sábẹ́ síárìn láti fi wá èyí. Àṣìṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ni púpọ̀ nínú wọn ń kà. Ti fọ́ọ̀-wíìlì wà nínú àpótí mìíràn, ó ń fẹ́ ẹ̀rọ tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá_Adìẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi rẹwáyà, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Kí wọ́n tó tú nǹkan kan, kí wọ́n yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wọ actuator yẹn, kí wọ́n wo inú rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Tèmi nìyẹn. Mo ń kó oúnjẹ adìẹ lọ sí ẹ̀yìn Òkínní, mọ́tò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò oúnjẹ, eku wá ń sùn nínú mọ́tò. Wọ́n jẹ rọ́bà ara wáyà méjì láti ibi tó ti ń kọjá lórí tíráńsífà, bàbà rẹ̀ wà níta gbangba. Lábẹ́, ẹ ò ní rí i. Mo na ọwọ́ sókè ni mo fi kàn án. Nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ẹsẹ̀ kan ti dípẹtà, ó ti ní àwọ̀ ewé, omi sì wà nídìí rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú sípíréè tí wọ́n fi ń fọ ojú iná (ẹ má lo pẹtiróòlù, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má lò ó), mo fi bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha á, mo jẹ́ kó gbẹ, rẹwáyà àdúgbò tún wáyà dè, a lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Náírà tí mo ná ò tó owó àpò oúnjẹ kan.

Rẹwáyà_ÒkèFìà

Ìyá Adìẹ, ẹ ṣé. Òun gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Àgbẹ̀, ẹ fọ sọ́kẹ́ẹ̀tì actuator ara tíráńsífà yẹn bí wọ́n ṣe wí. Lẹ́yìn náà ẹ yí mítà sí ibi iná bátìrì (DC), lórí fólìtì 20. Wáyà tó wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà á pọ̀, ṣùgbọ́n méjì á nípọn ju ìyókù lọ. Àwọn méjì yẹn ló ń yí i. Àwọn tín-ín-rín ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tó yí dé ni. Ẹ da sọ́kẹ́ẹ̀tì padà sí ààyè rẹ̀, ẹ ti ẹnu mítà wọ ẹ̀yìn àwọn wáyà tó nípọn, kí ọmọ yín yí bọ́tìnnì. Ẹ máa rí nǹkan bíi 12 fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá. Tó bá yí i padà, mítà á ka 12 pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú, torí pé bí iná bá gba òdìkejì ni actuator ń yí padà sẹ́yìn.

Tí 12 bá dé tí kò sì yí, òun ló ṣàìsàn. Tí 12 ò bá dé, ẹ má tú actuator. Bọ́tìnnì, rílè, wáyà tàbí àpótí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń dà yín láàmú.

Àgbẹ̀_Ọ̀tàẸfun

Bátìrì ka 12.5. Ẹrẹ̀ kún ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fọ̀ ọ́, ó mọ́. Mítà ka 12.3, nígbà tó yí i padà ó ka -12.3. Actuator ò mira. Mo gbọ́wọ́ lé e nígbà tí iná wọ̀ ọ́, kò gbọ̀n rárá.

Ó jọ pé òótọ́ ni mẹkáníìkì yẹn sọ. Ṣé kí n lọ rà á báyìí?

Tókúnbọ̀_Sípéà

Ẹ̀gbọ́n, ó wà nílẹ̀, ojúlówó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹténà. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ní kọ́lọ́fín.

Rẹwáyà_ÒkèFìà

Ẹ má tíì rà á. Tó bá tilẹ̀ dọjọ́ rírà, ẹ gbé ti àtijọ́ dání, ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé nọ́ńbà, ẹ ka ẹsẹ̀ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó ń tà á sì fi bátìrì yí i lójú yín kí owó tó kúrò lápò.

Ẹ tú u wò ná. Ẹ dákẹ́, ẹ ka èyí tó kàn yìí dáadáa, torí òun ló ń pa èèyàn. Bí tíráńsífà bá wà láàárín méjì, P ò di mọ́tò mú mọ́. Gíàbọ́ọ̀sì lè wà ní P kí mọ́tò máa yí lọ, nítorí okùn tó so gíà pọ̀ mọ́ táyà ti tú nínú tíráńsífà. Ẹni tó bá tú actuator tó sì fọwọ́ yí irin inú rẹ̀ nígbà tó wà lábẹ́ mọ́tò, tí kò dí táyà, ó ti di ọwọ́ Ọlọ́run. Òkúta mẹ́rin, hándíbíréèkì, sítáńdì tó dájú tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e sókè. Ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ jẹ́ kí páìpù èéfín tutù pátápátá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ máa na ọwọ́ gbà.

Ẹ yọ orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò. Ẹ fi bírò sàmì sí ojú ibi tí actuator ti kan tíráńsífà. Ẹ gbé bàsíà sábẹ́, torí àwọn kan máa ń da ọ́ìlì díẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n bá jáde. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá ọ́ìlì padà, ẹ wo ìwé mọ́tò, torí àwọn kan ń mu 75W-90, àwọn kan ń mu ọ́ìlì gíà ọ́tò. Ẹ má rò ó.

Nígbà tó bá ti jáde, ẹ di irin inú tíráńsífà tó ń bá a ṣiṣẹ́ mú pẹ̀lú púláyà tí ẹ fi àkísà wé, ẹ gbìyànjú kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń sún. Tó bá le pọ́ńpọ́n, kí ẹnì kan fọwọ́ yí pùròpélà iwájú díẹ̀, torí eyín gíà lè kanra. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ dá a dúró níbẹ̀, inú tíráńsífà ni àìsàn wà, ìyẹn kúrò ní iṣẹ́ inú ọgbà.

Tó bá sún, ẹ mú actuator lọ sórí tábìlì. Wáyà tó nípọn méjì nìkan ni kẹ́ ẹ fi iná bátìrì kàn, fíúsì áńpíà 10 ní àárín, ẹ kàn án kẹ́ ẹ yọ ọ́. Bó bá ti dé ìdí, ẹ yọ ọ́ kíá. Ẹni tó bá fi 12 kan wáyà tín-ín-rín, ẹ máa pe Tókúnbọ̀ Sípéà lóòótọ́.

Àgbẹ̀_Ọ̀tàẸfun

Ẹ̀yin àgbà, mo ti tú u.

Irin inú tíráńsífà sún, ó kàn wúwo díẹ̀ ni. Actuator gan-an ò yí lórí tábìlì. Mo wá ṣí ìdérí rẹ̀. Gírísì inú rẹ̀ ti di gbígbẹ, ó ti ní àwọ̀ kọfí, ó lẹ̀ mọ́ ara gíà pílásítíìkì bí ẹ̀kọ tó ti sùn nínú ìkòkò. Ní ìsàlẹ̀, omi ti dúró níbẹ̀ rí: ilà ìpẹtà wà yíká ògiri rẹ̀, ó hàn gedegbe ibi tí omi náà ga dé. Kábọ́nù méjì ló wà níbẹ̀. Ti òkè ń lọ ó ń bọ̀ nínú ilé rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ti há, ìpẹtà ti dì í mú, kò fẹnu kan bàbà tó ń yí rárá. Mo fi abẹ́rẹ́ rọra tú u jáde, mo fi sáńpépà tó kúná jù ha ilé rẹ̀, mo fọ ojú bàbà náà títí ó fi dán. Kábọ́nù náà kò tíì kúrú.

Mo nu gírísì àtijọ́, mo fi tuntun funfun sí i, ìwọ̀nba. Mo fi bátìrì kàn án: jììììn. Mo yí wáyà padà, ó lọ sẹ́yìn. Ìyàwó mi ní òun ò tíì rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí irin rí.

Rẹwáyà_ÒkèFìà

Ayọ̀ wa! Kí ẹ tó dè é padà, ẹ rí i pé ibi tó dúró sí àti ibi tí irin inú tíráńsífà dúró sí bára mu, 2H pẹ̀lú 2H. Bẹ́ ẹ bá fi agbára bóòtù fà wọ́n pọ̀ nígbà tí wọn ò bára mu, eyín pílásítíìkì yẹn á ṣẹ́. Gọ́ọ̀mù sílíkọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́nu ìdérí, kó má kún wọ inú.

Ìyá_Adìẹ

Ẹ kú oríire o. Ṣùgbọ́n báwo lomi ṣe wọ ibẹ̀? Tẹ́ ẹ ò bá mọ̀, òjò tó ń bọ̀ á tún mú un wá.

Ẹlẹ́rọ_ÒkèBàálẹ̀

Màmá, ìbéèrè yẹn gan-an ló kù. Tíráńsífà àti dífíréńṣíà ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mí, ó gòkè lọ síbi tí omi kì í dé. Mọ́tò tó ti rìn jìnnà, irin rẹ̀ á gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀. Tó bá wá já sínú omi, irin á tutù lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ yẹn á sún kì, á fẹ́ fa òmíràn wọlé. Tí rọ́bà bá mọ́, afẹ́fẹ́ ló máa fà. Tó bá dí tàbí tó já, ẹnu síìlì ló máa gbà fa omi. Ẹ tọ rọ́bà yẹn láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Àgbẹ̀_Ọ̀tàẸfun

Ẹ wò ó, agbọ́n ti kọ́lé amọ̀ sẹ́nu rọ́bà náà lókè! Odidi ilé. Mo fi wáyà tú u, mo fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ kọjá. Mo pààrọ̀ rọ́bà náà, èyí tó wà níbẹ̀ ti le gbagidi.

Mo dè é padà, mo gbé e lọ sí ilẹ̀ pupa ẹ̀yìn ilé. 4H: iná ṣẹ́jú díẹ̀, ó dúró. Mo dá a padà sí 2H, kò kọ́kọ́ kú, mo wá ṣe rífáàsì díẹ̀, ó kú. Iná VSC náà ti lọ. 4L náà wọlé nígbà tí mo dúró pátá tí gíà wà ní N.

Bàbá_Lándì

Rífáàsì yẹn ò burú, eyín gíà ló ń wá ààyè. Ṣíṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó dúró náà ò burú.

Nísinsìnyí ẹ má tún fi í sílẹ̀ títí di òjò. Ìwé tí Toyota ń kó pẹ̀lú jíìpù onífọ́ọ̀-wíìlì rẹ̀ ní kí a máa wà á nínú 4H ó kéré tán kìlómítà 16 lóṣù, kí ọ́ìlì lè dé gbogbo ara rẹ̀. Ẹ má sì lọ ṣe é lórí ọ̀dà Gbọ̀ngán tó gbẹ. Tẹ́ ẹ bá kọ́nà, táyà iwájú ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ, ilẹ̀ amọ̀ á jẹ́ kí táyà yọ̀ díẹ̀ kí ara tù ú, ọ̀dà ò ní gbà. Ojú ọ̀nà oko yín ti tó.

Ará_Ìbòkun

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ńkọ́? Tèmi kò ní 2H. H, L, àti bọ́tìnnì kan tó ya X sáàárín táyà. Ti X ló ń ṣẹ́jú.

Rẹwáyà_ÒkèFìà

Tìrẹ, fọ́ọ̀-wíìlì ni nígbà gbogbo, bíi ti Lexus GX 470. X yẹn ló ń de iwájú mọ́ ẹ̀yìn, actuator ló sì ń ṣe é. Bẹ̀rẹ̀ láti fíúsì àti bátìrì, gbọ́ ìró rẹ̀, kí o tó kan mítà mọ́ wáyà tó nípọn. Fi fọ́tò sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ ránṣẹ́ síbí, mo máa wò ó lálẹ́ tí mo bá dé láti ṣọ́ọ̀bù.